Ooru Inú Ilé Irin

Ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ ọ́, gbọ́ tèmi ná. Bí o bá dé ibi tí wọ́n kó èérún irin jọ sí, tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ wà ní títì, tí ògiri rẹ̀ ń gbóná nígbà tí ọyẹ́ ń mú gbogbo ayé, má wọlé. Má sọ pé o fẹ́ yáná. Má sọ pé ọ̀gá ló rán ọ. Padà sẹ́yìn kí o pe èèyàn. Ọkùnrin kan wà tí kò padà sẹ́yìn, ikú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrù lé obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lórí.

Ní 1987 ni, ní Ọ̀fà. Ọyẹ́ ọdún náà mú bí ẹni ń gbẹ̀san. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí Ajíbádé, olórí àwọn alábàárù nídìí ọkọ̀ ojú irin, sáré wọ tésàn ọlọ́pàá, ó ní Sàláwù tó ń ṣọ́ ilé irin ti kú sórí bẹ́ǹṣì. Kí àwọn ọlọ́pàá tó débẹ̀, Asiata, ẹ̀gbọ́n òkú, ti di ìyàwó òkú mú níbi ìró, ó ń pariwo pé májèlé ni. Abọ́ ẹ̀wà tí ìyàwó náà gbé fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ àná ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Kí oòrùn tó gòkè, Safiyat, ìyàwó náà, ti wà nínú àtìmọ́lé.

Sájẹ́ǹtì Ọlábámijí ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìwé mẹ́fà ni Ọlábámijí kà. Kò ní pẹ́ pé àádọ́ta ọdún. Òkú ń bà á lẹ́rù, ọ̀gá ń bà á lẹ́rù, ariwo obìnrin náà sì tún ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀rù ló fi ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá láti ọjọ́ yìí, bóyá ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi máa ń wà lára gbogbo nǹkan. Àmọ́ ohun tó bá rí, kì í yá a lára láti sọ.

Inspẹ́kítọ̀ Caroline Adétóyè ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́. Ọmọ tíṣà ni, ọmọ Ọ̀fà gan-an. Ó wọ súwẹ́tà lé yunifọ́ọ̀mù, ojú rẹ̀ wú. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì ṣe irú rírẹ̀ tí oorun ń wò. Asiata ló kọ́kọ́ pè.

"Alhaja, kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé ìyàwó ló pa á?"

"Wọ́n jà lánàá. Gbogbo agboolé ló gbọ́. Ó wá gbé oúnjẹ fún un, kò jí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ẹ tún ń bi mí?"

"Kí ni wọ́n jà lé lórí?"

"Ó ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láyé yìí? Ẹ yára, Inspẹ́kítọ̀. A fẹ́ sin ín kí wọ́n tó kírun alásàrí. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ orúkọ ẹni tó pa á kó tó wọlẹ̀."

Safiyat jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n ti fa gèlè kúrò lórí rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ láìdúró, bí ẹni tó rò pé bí òun bá dákẹ́, wọ́n á gbàgbé òun síbẹ̀.

"Èmi ni mo sè é, mà. Inú ìkòkò kan náà lèmi àtàwọn ọmọ ti jẹ. Ṣé àwọn náà kú ni? Mo ti sọ fún sájẹ́ǹtì yìí, mo sọ fún èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n panu mọ́."

Ọlábámijí wo ilẹ̀.

"Kí ló dé tí o ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀?" ni Inspẹ́kítọ̀ bi Safiyat.

"Àìpẹ́ yìí, bó bá ti dé láàárọ̀, á ní orí ń fọ́ òun, á ní àyà ń fún òun. Mo ní kí ló ń ṣe nínú ilé irin yẹn? Ó ní ọ̀gá òun ní kóun má sọ. Ìyẹn la jà lé lórí. Mà, bí wọ́n bá sin ín báyìí, ọmọ apànìyàn ni wọ́n máa pe àwọn ọmọ mi títí láé. Ẹ ò rí i?"

"Mo rí i," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. Ó dìde bí ẹni tí egungun ń dùn. "Ọlábámijí, jẹ́ ká lọ wo òkú."

Bẹ́ǹṣì náà wà lábẹ́ ìgbátí ilé irin, lẹ́bàá ojú irin. Ilé gbọọrọ tí wọ́n fi páànù kọ́ ni, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì wà ní títì. Ewúrẹ́ kan dúró ti abọ́ ẹ̀wà, ó ń lá ìdí rẹ̀. Ajíbádé ní láti àfẹ̀mọ́jú ló ti ń bá a jẹ.

"Bí ewúrẹ́ yìí bá kú, ẹ ránṣẹ́ sí mi," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. Ewúrẹ́ ò kú. Ó gbójú sókè, ó wo Ọlábámijí, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fìlà ọwọ́ rẹ̀.

"Fọwọ́ pa aṣọ òkú," ni Inspẹ́kítọ̀ sọ.

"Èmi, mà?"

"Àbí ewúrẹ́ ni kí n rán?"

Ọlábámijí fi ìka kan kàn án. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mà."

"Kò sí eruku níbẹ̀. Wo orí bẹ́ǹṣì, wo ojú fèrèsé, wo orí mi. Ọyẹ́ ti da eruku sí gbogbo ayé lóru. Gbé e díẹ̀."

Nígbà tí wọ́n gbé òkú náà, eruku pupa lọ bẹẹrẹ lábẹ́ rẹ̀, kò fọ́n ká. Ọlábámijí kò dúró kí wọ́n tó bi í. "Eruku kọ́kọ́ dé, mà. Òkú ló dé tẹ̀ lé e."

"Ó ṣeun. Wo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀."

Ìpẹtà wà níbẹ̀, àti epo dúdú. Èérún irin tó ká bí irun há sí gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bàtà sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀, tòsì kò sí.

Inspẹ́kítọ̀ fa Ajíbádé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, kí lẹ kó sínú ilé yìí?"

"Èyí tí ẹ̀rọ máa ń bó lára irin níléeṣẹ́, mà. A ń kó o jọ, ọkọ̀ ojú irin ń gbé e lọ Èkó, ọkọ̀ ojú omi á gbé e sọdá lọ sílùú òyìnbó, wọ́n á yọ́ ọ. Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú omi wá kìlọ̀ fún wa. Ó ní irin yìí, bí omi bá kàn án, tí epo sì wà lára ẹ̀, ó máa ń mú ooru fúnra ẹ̀. Ẹ má kó o jọ ga, ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i, ẹ ṣílẹ̀kùn kí ooru jáde, kí afẹ́fẹ́ sì wọlé kí èèyàn tó wọ ibẹ̀. Ó ní bó bá gbóná wọ ọkọ̀, á máa jó lábẹ́lẹ̀ lójú òkun, kò sì síbi tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ máa sá sí."

"Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ó gbóná?"

"Páìpù kan wà tí a rì sáàárín òkìtì náà. Ó ń ju ẹ̀rọ tó ń wọn ooru síbẹ̀. Ọ̀sán òní ló ń bọ̀ wá wò ó kí wọ́n tó gbé e."

"Ẹ sì ń yí i?"

Ajíbádé wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Òjò àrọ̀kẹ́yìn pa ẹrù yìí lójú ọ̀nà kó tó dé. A bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Mánéjà ní ká dáwọ́ dúró, ó ní ká tilẹ̀kùn. Èéfín ń jáde, kò fẹ́ kí ará tésàn ọkọ̀ ojú irin rí i."

"Ta lẹ bá níbí láàárọ̀ yìí?"

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, mà. Mo ní ẹbí tí mò ń bọ́."

"Safiyat náà ní ọmọ."

"Mánéjà ni. Kì í dé kí oòrùn tó yọ. Lónìí, mo bá a tó ń bu omi sí ẹsẹ̀. Ó ní kí n lọ wo Sàláwù lórí bẹ́ǹṣì, ó ní ó jọ pé kò mí. Ó sì ní kí n sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí i."

Mánéjà náà, Gbádé, wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ kékeré, ó ń mu tíì. Ó dìde fún wọn dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, mà. A bá ẹbí kẹ́dùn. Kí la fẹ́ ṣe? Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú."

"Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?"

"Ó tì o... mo ní wọ́n ní oúnjẹ ni."

"Ìgbà wo lẹ dé, sà?"

"Oòrùn ti yọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi nílé." Ó wo aago. "Inspẹ́kítọ̀, ẹ máà bínú, wọ́n á kó ẹrù wọkọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ṣé a lè máa báṣẹ́ lọ?"

Ọlábámijí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí irin náà bá kúrò ní Ọ̀fà, bí òkú bá wọlẹ̀, ariwo Asiata nìkan ló máa kù, ariwo náà ló sì máa gbé Safiyat dé kọ́ọ̀tù.

"Ẹ lè máa báṣẹ́ lọ," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. Ó fọwọ́ gbá súwẹ́tà mọ́ra. "Gbólóhùn díẹ̀ ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀ lẹ́nu yín. Èrò ti pọ̀ jù níta, ọyẹ́ sì ń mú mi. Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó nínú ilé irin, kí n rí ooru díẹ̀. Ọlábámijí, gbé àga mẹ́ta."

Ọlábámijí gbé àga.

Èrò tẹ̀ lé wọn, Asiata ló ṣáájú. Ẹnu ilẹ̀kùn ni Gbádé ti dúró. Ọyẹ́ ń mú, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ná, mà."

"Fún kí ni?"

"Kí... kí afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀."

"Èèyàn mẹ́ta la jẹ́, sà, inú ilé yìí sì tó ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa wọlé. Sájẹ́ǹtì á tilẹ̀kùn tẹ̀ lé wa."

"Mi ò wọlé."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mo ní mi ò wọlé!"

Inspẹ́kítọ̀ kò gbóhùn sókè. Ó ní kí Ajíbádé bá òun so àtùpà tí wọ́n ti tàn mọ́ orí ọparun gígùn. "Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, bí a bá fẹ́ wọ kànga tó ti pẹ́, kí là ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀?"

"Àtùpà," ni àwọn kan dáhùn.

"Bí iná bá kú ńkọ́?"

"A kì í wọ̀ ọ́."

Ọlábámijí fa ilẹ̀kùn díẹ̀, ó dá èémí rẹ̀ dúró, ó ti ọparun wọlé. Ooru lu ojú rẹ̀. Iná àtùpà tẹ̀, ó di búlúù, ó kú. Wọ́n tún un tàn, ó tún kú. Asiata fọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbayawu, wọ́n sì dúró títí àtùpà fi ń jó nínú ilé náà láìmì. Lẹ́yìn náà ni Ọlábámijí wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù ló ti rí korobá, ilẹ̀ tó yí i ká sì rin fún omi. Sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì wà lábẹ́ korobá náà.

"Irin tó ń dípẹtà ń jẹ lára afẹ́fẹ́ tí à ń mí," ni Inspẹ́kítọ̀ wí fún Gbádé, bí ẹni tó ń sọ ìtàn tó ti sú u. "Bí ilé bá wà ní títì, ó lè jẹ ẹ́ tán. Ẹ mọ̀, wọ́n ti kìlọ̀ fún yín. Ẹni tó mọ̀ nìkan ló lè bẹ̀rù àtiwọ ilé tí kò séèyàn níbẹ̀. Òjò ti pa ẹrù yín, ó ń gbóná, ẹ sì mọ̀ pé ọ́fíìsì ọkọ̀ ò ní gbà á. Ẹ wá ń rán Sàláwù kó máa da omi tútù sínú páìpù, kí ẹ̀rọ ìwọn-ooru lè parọ́. Ẹ ò jẹ́ kó ṣílẹ̀kùn, nítorí èéfín. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ẹ ní kó má sọ. Lónìí, kò jáde. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ dúró kí afẹ́fẹ́ wọlé bí wọ́n ṣe kọ́ yín, ẹ wá wọ́ ọ jáde lórí gìgísẹ̀. Ẹ tún tilẹ̀kùn. Ẹ rí abọ́ ẹ̀wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ sì mọ ohun tí èèyàn á sọ."

"Mo ní kó yára ni," ni Gbádé wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo ní kó dà á, kó yára jáde. Ó ń yára tẹ́lẹ̀."

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ń wò ó tí wọ́n fi tì í mọ́lé nítorí ohun tí ẹ ṣe?"

Gbádé bojú. Ọlábámijí fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é.

Nígbà tí ọkùnrin ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú omi dé, kò tilẹ̀ ju ẹ̀rọ rẹ̀ sí páìpù. Ó ní kí wọ́n tú òkìtì náà ká sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e títí yóò fi tutù délẹ̀.

Ọlábámijí ló lọ ṣí àtìmọ́lé. Asiata tẹ̀ lé e, gèlè Safiyat wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, àgbàlagbà obìnrin.

"Ìyàwó wa, inú ló ń bí mi. Àbúrò mi ni. Wọ́n ń dúró dè wá nílé òkú. Sọ pé o gbọ́, ká lè jọ wọlé."

Safiyat gba gèlè, ó wé e díẹ̀díẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ìyàwó," ni Ọlábámijí wí, ojú ń tì í, "dákun, dá wọn lóhùn. Kí ni kí n bá ọ sọ fún wọn?"

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ ọ́, tí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n panu mọ́." Ó rékọjá lára àwọn méjèèjì. "Mo ti pa á mọ́."

Asiata pè é láti ẹ̀yìn, ó tún un pè. Safiyat gba ọ̀nà ilé òkú lọ, kò dáhùn.