Sípíkà Karùn-ún

“Mọ́mì, tí ẹnì kan bá pè mí láti ẹ̀yìn, tí mo bojú wẹ̀yìn tí n kò rí i, àmọ́ tí mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò tàn, ṣé mo ti rí i nìyẹn?”

Habeebah ọmọ mi ló bi mí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó bi bàbá rẹ̀ náà. Ó bi ọ̀gá ilé kéwú rẹ̀, ìyẹn ní òun máa wò ó nínú ìwé.

Òótọ́ ni ohun tí mo ń kọ yìí. N kò fi nǹkan kan kún un, n kò sì yọ ibi tó dójú tì mí kúrò. Èmi náà ìbá má gbà á gbọ́, ká ní kì í ṣe inú ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀, ní Ìlaró níbí, nínú yàrá tí mò ń gbá láràárọ̀.

Yàrá ìyá ọkọ mi ni yàrá náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, a lọ mú wọn wá láti Ọjà-Ọ̀dàn. Ọdún méjì ni wọ́n lò nínú yàrá yẹn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kú sí. Lẹ́yìn tí a ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ wọn, Jibril ọkọ mi ní òun kò lè máa wo ilẹ̀kùn tó tì pa. Ó pààrọ̀ fóòmù, ó kun ògiri, ó ní kí a kó lọ síbẹ̀, nítorí pé yàrá náà ló tóbi jù nínú ilé.

Iṣẹ́ fídíò ni Jibril ń ṣe. Òun ló ń to fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ pọ̀ fún àwọn èèyàn láti Ìlaró títí dé Ayétòrò. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ tẹlifíṣọ̀n méjì nínú yàrá kan, ńlá kan lára ògiri tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì fún bọ́ọ̀lù àti fíìmù, kékeré kan lórí tábìlì fún iṣẹ́. Ó sì fẹ́ kí ohùn yí wa ká. Sípíkà márùn-ún ló rà, àti ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ńlá kan tó ń jókòó sílẹ̀, tó ń mi àyà èèyàn. Mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Ó ní tí òjò bá ń rọ̀ nínú fíìmù, ńṣe ni màá máa wá agbòjò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àńtí Suliat, pè láti Ọjà-Ọ̀dàn. Wọ́n ti gbọ́.

“Ẹ ti sọ yàrá Màmá di sinimá,” ni wọ́n wí. “Ẹ bá mi fi tíkẹ́ẹ̀tì tèmi pa mọ́.”

Jibril rẹ́rìn-ín. Àńtí Suliat kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Jibril to gbogbo rẹ̀. Ó ní kí Habeebah jókòó sí àárín bẹ́ẹ̀dì, pé ibi tí orí ẹni tó ń gbọ́ ọ bá wà ni wọ́n ti ń wọn bí sípíkà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ rìmóòtù. Ẹ̀rọ náà ní ìró kan tó fi ń dán ara rẹ̀ wò. Ṣììì, bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé ẹ̀gẹ́ lókèèrè. Ó dún ní iwájú lápá òsì. Ó dún láàárín. Ó dún ní iwájú lápá ọ̀tún. Ó bọ́ sí ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó kan sípíkà karùn-ún, èyí tó wà lẹ́yìn lápá òsì.

Kò dún.

A dúró. Lẹ́yìn náà ìró yẹn tún bẹ̀rẹ̀ láti iwájú.

Jibril yọ sípíkà náà, ó gbé e lọ síwájú. Ó dún dáadáa níbẹ̀. Ó gbé ti iwájú wá sí igun yẹn. Ìyẹn náà dákẹ́. Ó pààrọ̀ wáyà. Bákan náà ni. Ó ní wáyà tuntun náà kò dára ni. Igun yẹn ni orí Màmá máa ń wà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀.

Nígbà náà ni mo rí Habeebah. Ó ti gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń tẹ́tí. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó tún kọjú síwájú, ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tí a kò tíì tàn, tó dúdú tó ń dán bí omi kànga. Bẹ́ẹ̀dì hàn nínú rẹ̀, ọmọ náà hàn, ògiri hàn. Ó bojú wo kékeré orí tábìlì náà. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè tí mo kọ sókè yìí.

Bàbá rẹ̀ ní, “Ta ló pè ọ́?”

Èmi ni Habeebah ń wò. Mo sì mọ ìdí tó fi ń wò mí.

Gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ ní àdúgbò wa ló mọ ìkìlọ̀ yìí: tí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Ìyá mi kọ́ mi. Èmi náà kọ́ Habeebah. Àmọ́ tèmi ti pọ̀ jù. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, gbogbo nǹkan ló sì ń bà mí lẹ́rù. Mo máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n pè é. Tó bá dáhùn, mo máa fi ìka gbá a lórí. Tó bá dákẹ́, mo máa fún un ní bísíkíìtì. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe é. Nígbà tó yá, bó ti wù kí n pè é tó, kò ní dáhùn, àfi tó bá rí ojú mi.

Lọ́jọ́ tí Màmá kú, mo lọ ra oògùn wọn ní oríta. N kò pẹ́. Habeebah wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ sálúbàtà rẹ̀. Nígbà tí mo dé, ẹsẹ̀ Màmá kan ti bọ́ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ wọn nà sí apá ilẹ̀kùn. Ara wọn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọmọ náà wọlé tọ̀ mí wá, omi ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹnì kan pe Àṣàkẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. N kò rí i. N kò dáhùn. Ṣé mo ṣe dáadáa?”

Màmá nìkan ló ń pè é ní Àṣàkẹ́.

Mo ní ó ṣe dáadáa. Mo ní kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá bàbá rẹ̀. Mo sì fún un ní bísíkíìtì. Ọlọ́run ló mọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn. N kò fẹ́ kí wọ́n máa wo ọmọ mi bí ọmọ tó jẹ́ kí ìyá àgbà rẹ̀ kú. N kò sì fẹ́ kí wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ ọ.

Láti ọjọ́ Àìkú tí bàbá rẹ̀ to ẹ̀rọ náà ni Habeebah kò ti sùn lóru mọ́. Tó bá ti iléèwé dé, orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ló ń lọ. Tíṣà rẹ̀ kọ̀wé sí mi pé orí àga ló ń sùn ní kíláàsì. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Mo ju aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n méjèèjì, Jibril ṣí wọn, ó ní òun níṣẹ́ láti ṣe, kí ló dé. N kò rí ohun tí mo lè sọ tí kò ní fa gbogbo rẹ̀ jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a níbẹ̀ tó la ẹnu díẹ̀. Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

“N kò tíì dáhùn,” ló wí láàárín ìka mi. “Mo fẹ́ kí ojú wọn hàn ná. Apá àti ìborùn nìkan ló ń hàn.”

“Inú èwo?”

“Inú ńlá ni apá. Inú kékeré ni ìborùn.”

Mo bojú wo méjèèjì. N kò rí nǹkan kan. Àwọn àgbà tó kìlọ̀ fún wa kò sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá dáhùn. Wọ́n kàn ní ká má dáhùn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn, pé n kò mọ ibi tí ìdáhùn máa gbé ọmọ mi lọ.

Lálẹ́ òní, kò síná. A kò tan jẹnẹrétọ̀. Jibril wà ní pálọ̀, ó ń kírun. Ilé dákẹ́. Mo wá gbọ́ ọ láti yàrá. Ṣììì. Iwájú, àárín, ọ̀tún. Láìsí iná.

Mo gbé láńtánì oníbátìrì, mo sáré wọlé. Habeebah jókòó sí àárín bẹ́ẹ̀dì. Ìró náà bọ́ sí ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ó kan sípíkà karùn-ún, ó dákẹ́. Ètè ọmọ náà ṣí. Mo gbá a mọ́ra, mo fi orí rẹ̀ pa mọ́ sí àyà mi.

Èmi náà wá gbọ́ ọ.

“Àṣàkẹ́.”

Kò le. Kò bínú. Ohùn ẹni tó ti ń pè láti ọjọ́ pípẹ́ ni.

Mo di ojú. Mo dáhùn láìrí ẹni tó ń pè.

“Màmá, Toheebat ni. Ọmọ náà gbọ́ yín lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má dáhùn. Èmi náà ni mo ní kó má sọ. Ẹ má pè é mọ́. Èmi ni kí ẹ pè.”

Ẹsẹ̀ èèyàn ni mo gbọ́. Jibril ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀melòó ni Màmá pè é?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta.”

“O sì mọ̀.”

Kò sọ ọ́ bí ìbéèrè. Mo ní mo mọ̀.

Ó lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó fa gbogbo wáyà yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ká wọn mọ́ ọwọ́, ó kó wọn lé orí tábìlì. Kò yára. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀ ní etí ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo na ọwọ́, n kò lè fi kàn án.

Habeebah bi mí lábẹ́ ètè bóyá Màmá ń bínú sí òun. Mo ní rárá, kì í ṣe òun. Ó na ẹsẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti sùn, ẹnu rẹ̀ ṣí bí ìgbà tó wà ní ìkókó. Ó pẹ́ kí èémí Jibril tó fi ara balẹ̀. Òun náà sùn. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Èmi nìkan ló kù, pẹ̀lú sípíkà karùn-ún. Kò ní wáyà lára mọ́. Ó ń dún. Ṣììì, díẹ̀díẹ̀. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bí àyà arúgbó tó rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń tẹ́tí. Ìró náà ń fà gùn sí i. Ó dúró díẹ̀. Ó tún mí lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó yá, òun náà sùn.