Owó Tí Ìjọba Kò Ní Fún Wa

Jẹnẹrétọ̀ náà wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dákẹ́. Abọ́dúnrìn ṣí ìdérí táǹkì rẹ̀, ó yọjú wò ó bí ẹni tó ń wo kànga gbígbẹ. Dísẹ́ẹ̀lì ti tán. Nínú àwọn agolo irin tó wà nínú ẹ̀rọ, omi tó yẹ kó ti di yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le létí ni, àárín rẹ̀ ṣì ń mì.

"Ọ̀la ni àwọn ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ ń bọ̀ wá kó yìnyín," ó sọ fún Wàsílátù ọmọ rẹ̀. "Kí la fẹ́ gbé fún wọn?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Wàsílátù, ó ku ọdún kan kó ṣe ìdánwò àṣejáde. Ó mọ̀ pé ilé iṣẹ́ yìnyín kékeré tí wọ́n ní sí Ìtamágà ní Ìkòròdú yìí ni ilé wọn, òun náà ni oúnjẹ wọn. Láti Ìwó ni bàbá rẹ̀ ti wá sí Ìkòròdú, ó sì bá oníyìnyín ṣiṣẹ́ títí irun orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun kó tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní báyìí, iná mànàmáná ń wá bí àlejò, dísẹ́ẹ̀lì sì ti wọ́n gógó. Gààrí ni wọ́n ń mu láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń mu lálẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ìyá Glory, ẹlẹ́ja ará Ìlàjẹ tó ń tajà ní Ẹ̀pẹ́, bá wọn níbi tí wọ́n káwọ́ gbera sí.

"Bàbá Wàsílà, ẹja tèmi ń bàjẹ́, iṣẹ́ tiyín náà ń kú lọ," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n máa ra dísẹ́ẹ̀lì, kí a jọ máa pín èrè lọ́gbọọgba."

Ó dun Abọ́dúnrìn láti pín ohun tó fi òógùn rẹ̀ kọ́ sí méjì. Ó ní kó jẹ́ kí òun rò ó di ọjọ́ Jímọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, rédíò ń ka ìròyìn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Abọ́dúnrìn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìnyín àti ìjọba níbẹ̀, ó sáré pe ọmọ rẹ̀ kó wá túmọ̀ rẹ̀. Ìdajì ni Wàsílátù gbọ́: ó gbọ́ ọ̀rọ̀ owó orí, ó gbọ́ ilé iṣẹ́ kéékèèké, ó gbọ́ ọdún mẹ́ta. Ìyókù kò yé e. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń gbégbá orókè nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní kíláàsì, "akáńtáǹtì mi" sì ni bàbá rẹ̀ máa ń pè é níwájú àwọn oníbàárà. Ojú tì í láti sọ pé kò yé òun.

"Wọ́n ní ìjọba fẹ́ ran irú ilé iṣẹ́ tiwa lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta."

"Ṣé owó ni wọ́n fẹ́ fún wa, kí a fi ra dísẹ́ẹ̀lì?"

"Owó ni, Bàbá."

Abọ́dúnrìn rọra jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bojú. "Alihamudulilai," ó ní.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, mú ìròyìn náà wọ kíláàsì.

"Bí ìjọba bá ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, tó mú owó jáde, tó ní kí ẹ fi gbé iṣẹ́ yín ró, owó ìrànwọ́ nìyẹn," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ẹ má san owó orí, tàbí kí ẹ san díẹ̀ nínú rẹ̀, ìdẹ̀rùn owó orí nìyẹn. Kò mú nǹkan kan wá fún yín, owó tiyín ló fi sílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ìdẹ̀rùn ni wọ́n kéde lánàá."

Wàsílátù nawọ́. "Sà, ẹni tí kò jèrè rárá ńkọ́?"

"Orí èrè ni wọ́n ti ń yọ irú owó orí yẹn. Ẹni tí kò jèrè, kí ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ fún un?"

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Wàsílátù sọ àṣìgbọ́ rẹ̀ fún Tóyìn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Má sọ fún bàbá ẹ o," Tóyìn ní. "Tó bá retí ẹ̀ títí, ó máa sú u. Ìjọba ló máa bú. Ta ló máa mọ̀ pé ìwọ lo ṣì í gbọ́?"

Nígbà tó dé ilé, bàbá rẹ̀ ń fọ àwọn agolo irin, ó sì ń kọrin. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀. Wàsílátù wọlé, ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá Glory dé.

"Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò ní lè pín iṣẹ́ mi mọ́," Abọ́dúnrìn ní. "Ìjọba fẹ́ fún wa lówó."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọmọ mi ló gbọ́ ọ."

Àgbà méjèèjì yíjú sí i. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó ní.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, owó kankan ò wá. Àwọn oníbàárà fọ́n ká. Wọn ò rí owó ilé san, onílé sì ti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà mọ́ wọn, ó ní kí wọ́n wá ibòmíràn. Níkẹyìn Abọ́dúnrìn wọ aṣọ tó dára jù lára aṣọ rẹ̀, ó lọ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn agbowó orí. Ìgbà tó padà délé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí.

"Wọ́n ní a ò ní san owó orí fún ọdún mẹ́ta," ó ní. "Wàsílà, èrè wo la jẹ tí wọn ò ní gba owó orí lé lórí?"

Wàsílátù kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan pé òun ti mọ òótọ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Bàbá rẹ̀ kò nà án, kò sì bú u. Ó wu Wàsílátù kí ó na òun.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Wàsílátù wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, ó sì bá Ìyá Glory láàárín agbọ̀n ẹja létí ọ̀sà. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, ó bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú omijé. Ìyá Glory fà á dìde.

"Ọmọ mi, owó tí mo fẹ́ fi ra dísẹ́ẹ̀lì yín ti wọ ẹ̀rọ yìnyín ẹlòmíràn, mi ò lè yọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ yìnyín lò níbẹ̀. Sọ fún bàbá ẹ kó wá."

Bí wọ́n ṣe ta ẹ̀rọ wọn nìyẹn, tí ọ̀gá sì tún padà di ọmọṣẹ́. Lọ́jọ́ tí Abọ́dúnrìn kọ́kọ́ ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun ní Ẹ̀pẹ́, Wàsílátù gbé àpò rẹ̀ sìn ín débi ọkọ̀. Kò lè gbójú sókè.

"Àṣìgbọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," bàbá rẹ̀ ní. "Abéèrè kì í ṣìnà, o sì béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ, o mọ òótọ́. Bí o bá sọ fún mi lọ́jọ́ náà, ǹ bá bínú, ìbínú náà ì bá sì ti tán kí oòrùn tó wọ̀. Èyí tó o dákẹ́ lé lórí yìí ni kò ní tán bọ̀rọ̀."

Ó gba àpò rẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, owó ìrànwọ́ yàtọ̀ sí ìdẹ̀rùn owó orí, ó sì dára kí a mọ ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìtìjú nínú "mi ò mọ̀." Ohun tó ń ba ilé jẹ́ ni kí ènìyàn mọ òótọ́, kó sì máa wo ẹni rẹ̀ níran bó ṣe ń rìn lọ sínú kòtò.