Ẹni Tó Wà Lápá Òsì

"Ẹni tó bá ṣẹ́jú, ẹ̀yìn pápá ló ń lọ o!"

Kóòṣì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Igi béèsìbọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, garawa bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù sí àwọn ọmọbìnrin tó tò síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe máa ń mọ ibi tí kálukú yóò dúró nídìí béèsì, ìyẹn àwọn ibùdó mẹ́rin tó yí pápá ká, nìyẹn lọ́dọọdún. Ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ yóò dúró láàárín béèsì kejì àti ìkẹta. Ẹni tó ga, tó sì mọ bọ́ọ̀lù í hán, béèsì àkọ́kọ́ ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tápá rẹ̀ le, tí kò sì mọ ẹ̀rù, béèsì kẹta ló ń lọ, níbi tí bọ́ọ̀lù ti máa ń dé kí èèyàn tó mí.

Ẹ̀rù ń ba ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Apá-Irin lórí ìlà. Kì í ṣe ojo ọmọ o. Bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ojú òsì rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù kan ta látilẹ̀, ó sì bà á lójú. Ojú náà wú, wíwú náà sì lọ, àmọ́ ìríran kò padà. Bó bá fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kùrukùru lásán ló kù. Ó ní ilẹ̀kùn ni òun forí gbá nígbà tí ìyá rẹ̀, aránṣọ, bi í léèrè. Kí ni kó ṣe? Ìyá náà ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀: "Olójú méjì ni mo bí. Ọjọ́ tí eré yẹn bá ṣe ọ̀kan níbẹ̀, o ò ní í débẹ̀ mọ́."

Ọgbọ́n kan ló ń dá. Ìró igi ló fi ń mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń bọ̀: bó bá dún "pá!", eré burúkú ni, bó bá dún "pò!", jẹ́jẹ́ ni. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni Kóòṣì gbá sí i, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló mú.

"Ẹ wo ọmọ! Ojú òsì yẹn ò tiẹ̀ mira!" ni Kóòṣì wí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. "Béèsì kẹta!"

Ojú tí kò rí nǹkan kan, kí ni yóò ṣẹ́ sí? Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ àṣírí náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fúùfù nítorí eré sísá. Òun ni Kóòṣì fi sáàárín béèsì kejì àti ìkẹta. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lọ sọ fún Kóòṣì. Apá òsì ẹ gan-an ni mo máa dúró sí o!"

"Kí wọ́n lé mi? Sátidé yìí làwọn tó ń yan ọmọ fún ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ń bọ̀. Jẹ́ kí wọ́n yàn mí ná."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

"Jọ̀ọ́, ìwọ náà bá mi dákẹ́."

Ẹ̀fúùfù mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ tèmi, màá pariwo. Tó o bá ti gbọ́ ohùn mi, dúró síbi tó o wà."

Sátidé dé. Èrò kún etí pápá bámúbámú. Wọ́n ń lu agolo, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń hó. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, Apá-Irin tẹ́tí sílẹ̀. Kò gbọ́ ìró igi rárá! Kò gbọ́ "pá", kò gbọ́ "pò". Bọ́ọ̀lù kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, kó tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó fẹ́ gbọ́wọ́ sókè kó ní òun ò ṣe mọ́, ṣùgbọ́n ó rí àwọn tó wá yan ọmọ pẹ̀lú ìwé wọn, ó sì mú un mọ́ra.

Bọ́ọ̀lù kan wá lọ sókè fíofío láàárín òun àti Ẹ̀fúùfù. Ojú ọ̀tún rẹ̀ rí i. Ó gbójú sókè, ó sáré gba apá òsì.

"Tèmi ni! Tèmi ni!" ni Ẹ̀fúùfù ń ké.

Ariwo èrò gbé ohùn náà mì. Orí ni Apá-Irin fi kọ lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká. Nǹkan kán. Ó gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Kóòṣì jókòó ti Apá-Irin. "Egungun èjìká ọ̀rẹ́ ẹ ló kán. Ariwo yẹn ló fà á, má dá ara ẹ lẹ́bi. Wọ́n sì ti kọ orúkọ ẹ, wọ́n fẹ́ mú ẹ."

Ìròyìn tó ti ń dúró dè nìyẹn. Bó bá pa ẹnu mọ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó rántí bí Ẹ̀fúùfù ṣe ké nígbà tí wọ́n ń gbé e.

"Kì í ṣe ariwo, sà. Ojú òsì mi ò ríran. Ó ti tó oṣù méjì."

"Èmi náà jẹ̀bi," ni Kóòṣì wí. "Mò ń wo ẹni tó ṣẹ́jú, mi ò yẹ ojú fúnra ẹ̀ wò. Àmọ́ ká ní o sọ fún mi ni, béèsì àkọ́kọ́ ni ǹ bá fi ẹ́ sí. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀, ọ̀tún ẹ̀ ni gbogbo ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń wà. Àyè ẹ wà ní pápá yẹn, ọmọ mi."

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè wá ni, ojú náà ì bá ríran padà pátápátá. Ní báyìí, àwọn yóò gbìyànjú. Ìyá rẹ̀ kò bú u. Ṣe ló kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú tó ń sunkún, ìyẹn sì dùn ún ju ẹgba lọ.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé sọ́dọ̀ Ẹ̀fúùfù, ìyẹn wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ."

"Mo pariwo títí ohùn mi fi há," ni Ẹ̀fúùfù wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ yẹn ló yé Apá-Irin pé ẹ̀rù tí èèyàn bá fi pamọ́ kì í mọ sára ẹni tó fi í pamọ́ nìkan. Òótọ́ tí ì bá sọ lẹ́nu ẹ̀rọ omi láìná an ní nǹkan kan, èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a san án.