Ìkòkò Ẹran Tó Ṣí Imú Ìdùnnú

Búrẹ́dì ń jóná lọ́jọ́ tí Akíndúró kọ́kọ́ rí Ìdùnnú. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé Ìdùnnú fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Ó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kofar Rini ní Sókótó, ó ń di búrẹ́dì mẹ́ta sínú ọ̀rá fún Akíndúró tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lẹ́yìn rẹ̀, èéfín ń yọ lẹ́nu ààrò. Òórùn ìjóná ti gba gbogbo ibẹ̀ kan, débi pé fọkanáísà tó wà lódìkejì títì ti ń na ọrùn wò wọ́n.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, búrẹ́dì yín ń jó o!"

Ìdùnnú yíjú padà. Ó lọgun, ó sáré ṣí ààrò. Búrẹ́dì tíréè méjì ti dúdú bí èédú.

Akíndúró bá a gbé wọn síta. Alásè ni, ní ilé àlejò kan ní Kalambaina níbi tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó ń wá láti òkè òkun máa ń dé sí. Imú ló fi ń jẹun. Ó wo obìnrin náà títí.

"Ẹ ò gbọ́ òórùn rẹ̀ ni?" ó bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́.

"Ọ̀fìnkìn ló ń bá mi jà."

"Ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà kì í já gaara báyìí."

Ìdùnnú wo èédú inú tíréè. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ mi ni yóò bàjẹ́."

Àṣírí náà rèé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìdùnnú. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Sókótó ni wọ́n bí òun sí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ibà kan dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, imú rẹ̀ kò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Ahọ́n rẹ̀ mọ iyọ̀, ó mọ ṣúgà, ó mọ̀ pé ata ń ta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà.

Ládi nìkan ló mọ̀. Opó Hausa kan ni Ládi, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe búrẹ́dì, imú Ládi sì ni wọ́n fi ń ṣọ́ ààrò. Ìrun ló lọ kí lọ́jọ́ tí Akíndúró dé.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni Akíndúró ń wá ra búrẹ́dì. Kò sì wá lọ́wọ́ òfo rí. Ó lè gbé kànáfùrù dání nínú ìwé, tàbí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí dàdáwà, ìyẹn irú àwọn Hausa, tí Ládi máa ń fi ṣe ọbẹ̀.

"Ẹ gbé e sí imú. Ẹ rọra fa èémí sínú. Ẹ máa rántí bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀."

Ìdùnnú á fa èémí, á mi orí. Akíndúró á ní, "Kò burú. Ó di ọjọ́ Ẹtì."

Báyìí ni oṣù mẹ́rin ṣe lọ. Kò sí òórùn tó wọlé, ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọlé. Ìdùnnú bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìró ọ̀kadà Akíndúró láàárín ọgọ́rùn-ún ọ̀kadà. Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá ti ń sún mọ́, yóò pààrọ̀ gèlè rẹ̀, Ládi á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan tí ọyẹ́ ń mú, Akíndúró sọ tẹnu rẹ̀. "Ìdùnnú, mi ò lè fi bò mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ. Ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣe aya."

Ayọ̀ gba ọkàn Ìdùnnú, ìbẹ̀rù sì gba inú ayọ̀ náà kọjá. "Ìwọ tó jẹ́ pé oúnjẹ ni iṣẹ́ rẹ, kí lo fẹ́ fi obìnrin tí kò mọ ìgbà tí ọbẹ̀ ń jóná ṣe?"

"Èmi á máa gbọ́ òórùn fún àwa méjèèjì."

Ìdùnnú bú sẹ́kún. Láyé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

"Wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé," Akíndúró ní. "Mú Àǹtí Ládi dání kí ayé má baà rí wí. Oúnjẹ kan wà tí mo fẹ́ sè fún ọ. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan láti Amẹ́ríkà ló kọ́ mi. Ṣílì ni wọ́n ń pè é, ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sè é."

Yàrá méjì ni Akíndúró ní ní ìsàlẹ̀ Kalambaina, níbi tí eruku funfun sìmẹ́ǹtì máa ń bà sórí òrùlé. Nígbà tí wọ́n dé, ó ti to gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ládi jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn níta, lábẹ́ igi dongoyárò. Ìdùnnú jókòó sórí àpótí nítòsí sítóòfù gáàsì.

Kò rí i rí kí ọkùnrin máa dáná fún òun. Bàbá rẹ̀ kì í bu omi fúnra rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ Akíndúró bí ẹni ń wo ohun tí yóò fò lọ.

Akíndúró gé ẹran màlúù wẹ́wẹ́, ó da òróró díẹ̀ sínú ìkòkò ńlá, ó jẹ́ kí ó gbóná dáadáa kó tó da ẹran sí i. Ẹran náà ké ṣàá. Kò rò ó. Ó jẹ́ kó pọ́n, ó yí i, ó tún jẹ́ kó pọ́n. Ó da àlùbọ́sà àti áyù sí i. Ó yan ata gbígbẹ oríṣi mẹ́ta lórí iná, ó gún wọn, ó dà wọ́n sínú rẹ̀ pẹ̀lú tòmátì. Ẹ̀wà pupa tó ti rẹ sómi láti àná wà nínú abọ́, ó ń dúró de ìgbà tirẹ̀.

Ló bá mú ìgò bíà kan jáde lábẹ́ tábìlì.

Ìdùnnú dìde dúró. "Kí nìyẹn?"

"Bíà ni. Inú bárékè sójà ni mo ti lọ rà á, òfin Ṣàríà kò jẹ́ kí wọ́n tà á nígboro."

"Akíndúró! Ọmọ díákónì ni mí! Ọtí kì í wọ ilé wa!"

Níta, Ládi gbọ́. "Haba! Ó tún di ọtí? Èmi ò ní jẹ níbẹ̀ o. Mo ti jẹun wá láti ilé."

"Àǹtí Ládi, mo ti sè tuwó tiyín lọ́tọ̀. Ìkòkò míràn ni," Akíndúró dá a lóhùn. Ó kọjú sí Ìdùnnú. "Ìdùnnú mi, mi ò ní kí o mu ún. Ìkòkò ni yóò mu ún. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí n má dà á, mi ò ní dà á."

Ìdùnnú wo ìgò náà, ó wo ọkùnrin náà. Ó rántí oṣù mẹ́rin kànáfùrù àti èèpo ọsàn. Ó padà jókòó. "Dà á."

Akíndúró dà á sínú ìkòkò gbígbóná. Ọtí náà hó, ìfófòó gòkè dé etí ìkòkò, ooru rẹ̀ sì rú bo àwọn méjèèjì lójú. Ó da ẹ̀wà sí i, ó dé e, ó rẹ iná sílẹ̀.

Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìyá Akíndúró ní Òndó àti ìyá Ìdùnnú tó ti sùn nínú Olúwa. Nígbà tó ṣe, Akíndúró dìde láti ro ìkòkò. Ó ṣí ọmọrí.

Ìdùnnú dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró.

"Kí ló dé?" Akíndúró béèrè.

"Sh."

Ó fa èémí. Ó di ojú. Nǹkan kan wà níbẹ̀, ó tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn, bí ẹni pé ẹnìkan ń pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè. Ó tún fa èémí, ẹ̀rù ń bà á kí ó má lọ.

"Yíìsì," ó ní. "Akíndúró, òórùn yíìsì ni. Ìyẹ̀fun tó ń wú láàárọ̀ kùtùkùtù."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Akíndúró. "Bíà ni. Yíìsì ni wọ́n fi ń ṣe òun náà."

Ìdùnnú dìde, ó tẹrí ba sórí ìkòkò. Òórùn kejì wọlé, ata tí wọ́n yan. Lẹ́yìn náà àlùbọ́sà. Lẹ́yìn náà ẹran, tó kún, tó sì wúwo. Wọ́n ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àwọn ará ilé tó ti ìrìn àjò jíjìn dé. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Kò lè mira. Ó ṣe é bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ayé lójú òun, tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

Ládi ti dìde lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ojú Ìdùnnú, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé àyà. "Ikon Allah!" ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Iṣẹ́ Ọlọ́run!"

Ìdùnnú yíjú sí Akíndúró. Ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ èjìká rẹ̀, ó fa èémí. Ọṣẹ, òógùn, èéfín iná. "Ṣé òórùn rẹ nìyí?" ó bi í. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi fẹ́ràn rẹ, mi ò mọ̀ ọ́n."

Akíndúró gbé ṣíbí kalẹ̀. Ládi wúkọ́ kíkankíkan, wọ́n sì súnra kúrò.

Ìdùnnú jẹ oúnjẹ náà títí abọ́ fi gbẹ. Ẹ̀wà rẹ̀ ti rọ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ ki, adùn kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń korò díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun. Ó ń jẹ, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n òórùn oúnjẹ kì í fi aṣọ sílẹ̀ lófo. Nígbà tó délé, Díákónì Fámúyìwá, bàbá rẹ̀, jókòó ní pálọ̀. Ó gbé orí sókè.

"Ìdùnnú. Òórùn ọtí ni mò ń gbọ́ lára rẹ yẹn?"

"Bàbá mi, èmi náà ń gbọ́ ọ!" Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ bá mi dúpẹ́, sà, èmi náà ń gbọ́ ọ!"

Bàbá rò pé ó ti yó. Ìgbà náà ló sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ibà, imú, ọdún méjì, Akíndúró, ìkòkò. Bàbá gbọ́ ọ tán, kò bínú sókè, èyí sì dẹ́rù bà á ju igbe lọ.

"Ọtí ló pa ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Èmi ni mo gbé e kúrò nínú gọ́tà. Má ṣe lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn mọ́."

Àǹtí Adéjùmọ̀kẹ́, àbúrò bàbá, pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. "Ọkùnrin tó ń dáná fún àwọn òyìnbó? Tó ń da ọtí sọ́bẹ̀? Ìdùnnú, ṣé ọkùnrin gidi ni?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ìdùnnú kò lọ sí Kalambaina, ó sì rán Ládi sí Akíndúró pé kó má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, nítorí ó bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó ń gbọ́ òórùn ayé gbogbo, ẹni tó fẹ́ sọ fún kò sì sí nítòsí.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé bàbá rẹ̀ kò sùn dáadáa. Ní Sátidé kẹrin, Díákónì Fámúyìwá wọ agbádá, ó gun kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ sí Kalambaina. Akíndúró ń fọ aṣọ nígbà tó rí i. Ó rí ojú Ìdùnnú lójú bàbá náà, ó dọ̀bálẹ̀ sínú omi ọṣẹ.

"Dìde. Ṣé o máa ń mutí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìgò kan lọ́jọ́ ọdún. Nígbà míràn méjì."

Bàbá wò ó. "Irọ́ ni mo retí lẹ́nu rẹ."

"Mi ò lè fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yín, sà. Àmọ́ nítorí Ìdùnnú, ìgò ọtí kò ní wọ ilé wa. Omi ẹran ni màá máa fi se ọbẹ̀ náà." Ó nu ọṣẹ kúrò lójú. "Kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀, sà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Díákónì kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí? Lọ́jọ́ tó gbọ́ òórùn?"

"Bí ẹni tó rí Ọlọ́run, sà. Mo fẹ́ kúnlẹ̀."

Bàbá ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí. "Ọdún méjì. Ọmọ mi ń jẹun níwájú mi láàárọ̀ àti lálẹ́, mi ò mọ̀ pé kò mọ adùn ohun tó ń jẹ. Ìwọ, ọjọ́ kan ṣoṣo lo fi mọ̀." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Lọ kó àwọn èèyàn rẹ wá láti Òndó. Ti Adéjùmọ̀kẹ́, èmi ni màá dá a lóhùn."

Oṣù kẹfà ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ooru mú lọ́jọ́ náà débi pé àwọn akọrin ń fi ìwé orin fẹ́ ara wọn. Nígbà tí ọkọ àti ìyàwó jáde sí ìta, ojú ọ̀run ti ṣú. Ẹ̀kán òjò ńlá kan bọ́ sílẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà nìyẹn.

Gbogbo àlejò sáré wọ abẹ́ òrùlé. Àǹtí Adéjùmọ̀kẹ́ ń kígbe pé aṣọ ìyàwó ti bàjẹ́. Ìdùnnú kò gbọ́. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó gbé ojú sókè, ó di ojú, ó ń fa èémí. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́ta tí kò gbọ́ òórùn òjò lórí iyanrìn gbígbóná Sókótó.

"Akíndúró," ó ní, "ilẹ̀ ń ta sánsán."

Akíndúró di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì dúró tì í nínú òjò.