Àpótí Tó Sọ Abiyamọ Di Òkú

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọlọ́wọ́ ṣíṣí tí ẹ kì í rí ọmọ tó ń jìyà kí ẹ gbójú kúrò, mo kí yín. Ẹ kú làálàá, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá èémí wa sí di òní, tó sì fi àánú sí ọkàn ènìyàn, torí bí kò bá sí àánú, ọ̀pọ̀ nínú wa kì bá tí dàgbà. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìtàn yìí. Mo gbàdúrà kí n tó mú gègé, inú náà kò rọ̀. Bóyá ó yẹ kó bí ẹ̀yin náà.

Aránṣọ kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré níwájú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ háyà. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì ìgéṣọ kan, dígí gígùn kan tó ti sán létí: gbogbo ẹrù ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì lè lo ọjọ́ mẹ́wàá lójú ọ̀nà kó tó wálé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ìyá Àgbà wà lọ́mọ ọdún méjì, omi gbígbóná dà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún. Egbò náà jiná, ṣùgbọ́n awọ tó hù padà fa àwọn ìka rẹ̀ pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọn kò ṣeé nà mọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè tú wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́.

"Bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ni ìka ń gan sí i," dókítà sọ. Ó fún wọn ní ìwé, ó kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sí i, oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, tí wọ́n ya ọwọ́ méjì sí láyà, ó sì gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ó ní Alàánú ni wọ́n ń pe òun.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́run ló rán mi síbí."

"Ẹ jókòó, sà. Kí la fẹ́ rán?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ. Mo gbọ́ nípa ọmọ yín. Ẹgbẹ́ wa máa ń tọrọ owó fún àwọn ọmọ tó nílò iṣẹ́ abẹ. A ó ya àwòrán rẹ̀, a ó fi han àwọn ènìyàn rere, wọn ó dáwó. Ẹ̀yin ò ní ná nǹkan kan."

Ìyá Àgbà gbójú sókè. "Ta ló sọ fún yín nípa mi, sà?"

"Áńgẹ́lì ni."

"Ṣé áńgẹ́lì náà ò lè gbé owó ọ̀hún wá fúnra rẹ̀ ni?"

"Panu mọ́," ìyá rẹ̀ sọ. "Àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín ni ìyá náà fi bo ìtìjú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ti béèrè ohun tó yẹ kí àgbà béèrè, wọ́n ní kó panu mọ́.

Alàánú wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Aṣọ búlúù tí ìyá rẹ̀ rán fún un ló wọ̀. "Aṣọ yìí ti dára jù, Màmá. Ẹni tó bá rí i á rò pé ẹ lówó. Ṣé kò sí àkísà?"

"Ọmọ mi kì í wọ àkísà."

"Ẹ kàn tú èjìká rẹ̀ díẹ̀, kó ṣí sílẹ̀."

Ẹlòmíràn lè kọ̀ láti ba aṣọ ọmọ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ mọ̀ pé ohun tí òun bá tú, ìṣẹ́jú márùn-ún ni òun yóò fi rán an padà. Ohun tó rò nìyẹn. Ó mú réésà, ó tú ojú rírán èjìká náà, aṣọ já lulẹ̀ lápá kan.

"Ó kù kó sunkún," Alàánú sọ.

"Kò sí ibi tó ń dùn mí," ni ọmọ náà fèsì.

"Rántí ọjọ́ tí omi gbígbóná dà sí ẹ lọ́wọ́."

Ọmọ náà rántí. Ó sunkún. Kámẹ́rà ń dún.

Lẹ́yìn náà Alàánú gba ìwé ilé ìwòsàn, ìwé gan-an tí dókítà fọwọ́ sí, ó ní kí àwọn olùfúnni lè rí i pé òótọ́ ni. Ó ní kí ìyá ọmọ fọwọ́ sí ìwé mìíràn lórí àwòrán náà. Ìyá ọmọ kò kà á. Oníbàárà kan ti dé, ó fẹ́ wọn aṣọ wò.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọjọ́ kan, aránṣọ pe Alàánú lórí fóònù.

"Owó ò tíì pé, Màmá. Ẹ má lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo, wọn ó lé yín bí ẹni lé ewúrẹ́. Èmi fúnra mi ni n ó mú yín lọ."

Ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Oṣù kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, Alàánú kò gbé fóònù mọ́. Oṣù kọkànlá pé láti ọjọ́ tó ya àwòrán náà.

Ní ọjọ́ kan, aránṣọ lọ ra òwú ní apá kejì ìlú. Orí ń fọ́ ọ, ó yà sí ilé oògùn kan. Lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gba owó, àpótí oní-gíláàsì kan wà níbẹ̀, owó kún un dé ìdajì. Àwòrán ọmọ kan wà lára rẹ̀. Aṣọ búlúù, èjìká ṣíṣí, omijé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọ òrukàn. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kú nínú iná. Ẹ ràn án lọ́wọ́ kó tó pẹ́ jù."

"Ẹ bá wa fi nǹkan sí i, Màmá," obìnrin olóògùn sọ. "Ọmọ náà ń ṣe mí láàánú. Èmi náà kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ kí n má fi sí i."

"Ta ló sọ fún yín pé ìyá rẹ̀ kú?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

"Èmi ni ìyá rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú ìyẹn ṣeré."

Aránṣọ ṣí fóònù rẹ̀. Àwòrán Ìyá Àgbà níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ, Ìyá Àgbà lẹ́yìn bàbá rẹ̀, Ìyá Àgbà tó ń yọ ahọ́n. Olóògùn wò ó, ó wo àpótí, ó wá jókòó wọ̀ọ̀.

Ọwọ́ ìyá ọmọ ti wà lára àpótí náà. Ó fẹ́ gbé e là mọ́lẹ̀. Olóògùn dì í mú.

"Tí ẹ bá fọ́ ọ, ẹ̀yin ni wọn ó pè lólè. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ẹni tó gbé e wá máa ń wá kó owó inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dè é." Ó ti àpótí náà padà sáyè rẹ̀. "Ẹ wò ó, kí ẹnikẹ́ni tó ra oògùn oorun níbí, mo máa ń béèrè ìwé dókítà. Mi ò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ ẹni tó gbé àpótí owó ka tábìlì mi. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni mo wò."

Ọkọ aránṣọ dé lọ́jọ́ kejì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Ó sin mí, kò tiẹ̀ ra pósí," ó sọ. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde lọ mú sípánà ńlá tó fi ń tú táyà.

"Bàbá ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbé e sílẹ̀," ìyàwó rẹ̀ sọ. "Tí o bá lù ú, àtìmálé lo máa wà lọ́jọ́ tí ọmọ bá nílò rẹ."

Ìyá Àgbà tẹ́tí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ṣé ẹ ti kú rí ni?"

Bàbá rẹ̀ gbé sípánà sílẹ̀. Wọ́n gbé e, wọ́n kọjá sí ilé ìwòsàn, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣètò iṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé. Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì.

"A dúró dè yín lọ́jọ́ náà títí ọ̀sán. Ẹ kò wá."

"Owó ni kò sí, mà," ìyá ọmọ sọ. "Ìwé wa sì wà lọ́wọ́ Alàánú, ẹni tó ní òun ń bá wa tọrọ owó."

"Ẹ̀dà ìwé yín nìyí nínú fáìlì. Ta ló ní kí ẹ má wá tí kò bá sówó? Owó wà níbí tí àwọn ènìyàn dá fún irú ọmọ báyìí. Iṣẹ́ mi ni láti jókòó pẹ̀lú òbí, ká wo ohun tí agbára yín ká, ká wá ìyókù." Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Inú yín ń bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní láti sọ ọ́. Ẹ gba àjèjì gbọ́, ẹ kò wá bi wá léèrè."

"Ẹ bá wa wí, mà," bàbá ọmọ sọ. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó ń tọrọ owó fún ìtọ́jú ọmọ kò gbọdọ̀ ní kí ọmọ náà sá fún ìtọ́jú. Ẹgbẹ́ tòótọ́ á ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, á ní ọ́fíìsì téèyàn lè wọ̀, á sì gbé owó wá sí ilé ìwòsàn gan-an. A kò rí ìkankan lọ́dọ̀ Alàánú yín."

Nọ́ọ̀sì pe ọlọ́pàá níṣojú wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Alàánú wọ ilé oògùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Aránṣọ ló dúró lẹ́yìn tábìlì.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ dá mi mọ̀?"

"Rárá, Màmá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mò ń bá pàdé."

"Èmi ni òkú tí ẹ kọ sára àpótí."

Ẹ̀rín náà sá lójú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká jáde síta, Màmá, ká sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́."

"Òkú kì í jáde síta."

"Iṣẹ́ Ọlọ́run ni mò ń ṣe. Ẹ ò mọ iye ọmọ tí mò ń ràn lọ́wọ́."

"Dárúkọ ọ̀kan. Mi ò ní méjì. Ọ̀kan péré tí o mú dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn."

Ó yí padà sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọlọ́pàá méjì tí wọn kò wọ aṣọ iṣẹ́, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra oògùn ikọ́, dìde. Àpótí mẹ́fà mìíràn ni wọ́n bá nínú ọkọ̀ rẹ̀, ojú ọmọ kan lára ìkọ̀ọ̀kan. Ìwé ilé ìwòsàn àwọn ọmọ náà wà nínú báàgì rẹ̀, ọ̀pọ̀ lára wọn ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wọn ti kọjá.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ Ìyá Àgbà lóṣù tó tẹ̀lé e. Ìka mẹ́ta nà. Méjì kò nà tán. Bàbá rẹ̀ béèrè bóyá ì bá rí bẹ́ẹ̀ ká ní wọ́n wá lọ́jọ́ tí wọ́n fún wọn. Dókítà ní òun kò lè búra, ṣùgbọ́n ì bá rọrùn púpọ̀ ju báyìí lọ.

"Mẹ́ta tó láti fi di pẹ́ńsù mú," Ìyá Àgbà sọ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ má wò mí báyẹn, Màmá."

Ìyá rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ọmọ má bàa rí i.

Ilé ẹjọ́ lè gba owó padà lọ́wọ́ olè. Adájọ́ wo ló fẹ́ gba ìka méjì padà?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìwé ilé ìwòsàn ọmọ yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún un. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Ẹni tó bá ní kí ẹ bọ́ ọmọ sí ìhòòhò, kí ẹ wọ àkísà fún un tàbí kí ẹ pa á lẹ́kún kó tó lè rí àánú, ẹ fi ilẹ̀kùn hàn án. Ọjọ́ tí dókítà bá sì dá, ẹ lọ, bí ọwọ́ yín tilẹ̀ ṣófo. Ẹnu ni kí ẹ fi béèrè.

Ẹ̀yin olùfúnni, mi ò ní kí ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ̀ṣẹ̀ ni yóò jẹ́ tí olè kan bá lè ti ilẹ̀kùn àánú mọ́ ẹgbẹ̀rún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó: ẹgbẹ́ wo, ọ́fíìsì wo, ilé ìwòsàn wo? Ẹ pe ilé ìwòsàn náà. Ẹ má san owó sí àpò ìkówópamọ́ ẹnì kan, àfi ti ẹgbẹ́ tàbí ti ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń ṣe rere kò ní bínú pé ẹ bi òun. Ẹni tó bá bínú ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Bí ẹ bá sì fura, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ náà.

Kí Olúwa tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ bù sí ohun tí ẹ ní. Kí ó fún yín ní ojú tó ń ríran rékọjá ẹ̀wù funfun. Ọmọ yín kò ní di ọjà lọ́wọ́ ọ̀dájú, oore yín kò sì ní ṣìnà. Àmín.