Iná Ìṣẹ́jú Kan

"Mélòó ló wà níbẹ̀?" Ottorino béèrè.

"Mẹ́ta ni, Nonno. Ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ yìí."

"Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Nígbà tó o wà ní kékeré, o máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà pé kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀ lé wa. Ṣé mo lù ẹ́?"

Noemi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bá bàbá ìyá rẹ̀, tó máa ń pè ní Nonno, so owó ẹyọ mẹ́ta náà mọ́ etí ìnujú, ó sì tì í sínú àpò kóòtù rẹ̀. Wọ́n dúró de bọ́ọ̀sì létí odò. Kùrukùru oṣù kọkànlá bo gbogbo abúlé náà débi pé ohùn àwọn apẹja là ń gbọ́, a ò rí ọkọ̀ wọn. Ní tiwọn níbẹ̀, kùrukùru kì í ṣe àlejò. Bó bá ti dé, ó di oṣù kejì kó tó padà lọ.

Owó mẹ́ta yẹn ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Eufemia ní ìlú Ferrara, àwòrán ńlá kan wà lára ògiri, ní igun kan tí òkùnkùn ti pọ̀. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Béèyàn bá ju owó ẹyọ kan sínú rẹ̀, iná á tàn sí àwòrán náà fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà á kú. Láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà nínú àwòrán náà, obìnrin kan gbé agbọ̀n búrẹ́dì rù, ojú obìnrin náà kò sì yàtọ̀ sí ojú Argia, ìyàwó Ottorino, tó kú lọ́dún méje sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra, Ottorino mú Argia lọ síbẹ̀, ó ní kó wo ara rẹ̀. Argia gbá a léjìká, ó rẹ́rìn-ín títí àwọn tó ń gbàdúrà fi ní kí wọ́n bọ́ síta. Fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ kò ku ẹyọ kan nílé. Omi odò tó ya wọlé lọ́dún kan ló kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Dókítà ojú kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní ojú ọ̀tún Ottorino ti lọ, tòsì ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e, bóyá kí Kérésìmesì tó dé pàápàá.

"Owó àkọ́kọ́, màá fi kí i," ni Ottorino wí bí bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀. "Èkejì, màá fi wò ó dáadáa. Ẹ̀kẹta, màá fi sọ pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí òkùnkùn máa bọ̀ tó bá fẹ́."

Noemi di ọwọ́ rẹ̀ mú wọ inú bọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì fẹ́ràn bàbá àgbà rẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé ìyẹn, nítorí ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà lè mú kẹ́ ẹ gbàgbé.

Ferrara ni Noemi ti ń lọ sílé-ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìlú máa ń pè é ní ọmọ ẹrẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ń gbóòórùn ẹja lára rẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ bo imú. Èyí tó dùn ún jù ni pé òun gan-an fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n jáde ní kíláàsì, Ilaria, tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé lẹ́yìn, dá a dúró.

"A máa wà lórí odi ìlú lọ́la ní aago mọ́kànlá. Tó bá wù ẹ́, máa bọ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má mú ẹja dání o!"

Gbogbo wọn fi ṣe ẹ̀rín. Noemi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọdún kan ààbọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa pè é síbì kan.

Wọ́n dé Ferrara ní aago mẹ́sàn-án kọjá. Ottorino ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wo ìlú ná, kí ojú Argia lè jẹ́ ohun tó gbẹ̀yìn. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó yí ààfin olódi ká, bàbá náà sì fara ti ògiri kúkúrú, ó na ọrùn.

"Omi yẹn ṣì dúdú bíi tàtijọ́?"

"Dúdú ni, Nonno."

"Ó dáa. Mo rò pé ojú mi ni."

Lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà, ó wá àwọn kìnnìún olókùúta rí, ó ki ọwọ́ bọ ọ̀kan lẹ́nu. "Ẹ ò tíì yó láti ayébáyé," ni ó wí fún un, "ẹ má fi ọwọ́ mi ṣe oúnjẹ o, òun ló kù tí mo máa fi ríran." Àwọn àlejò méjì tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Noemi kò gbọ́. Fóònù ló ń wò. Aago mẹ́wàá ti lù, wọ́n sì ń rìn bí ìgbín. Ó ń fa bàbá náà lọ́wọ́, bàbá náà sì ń dúró ní gbogbo igun láti béèrè ilé búrẹ́dì tó wà níbẹ̀ nígbà kan, àti alágbàfọ̀ kan tó máa ń kọrin.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú Santa Eufemia, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mọ́kànlá lù. Ottorino dúró lórí òkúta tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ó yọ fìlà, ó fi ọwọ́ tẹ́ irun tó kù lórí rẹ̀, bí ọkọ ìyàwó tó ń lọ sílé àna.

"Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn. Mò ń rí funfun rẹ̀. Kà á fún mi."

Noemi gun àtẹ̀gùn náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà gàdàgbà-gadagba pé Sátidé, aago mẹ́sàn-án sí méjìlá. Fóònù gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Ó wò ó. Ilaria ni: *Ṣé o ń bọ̀ àbí o ò bọ̀?*

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí kò mú bàbá náà wọlé kó sì sáré lọ. Ó mọ bàbá àgbà rẹ̀. Bí wọ́n bá wọlé, Ottorino kò ní jáde títí wọn á fi máa ti ilẹ̀kùn, òun ò sì lè fi afọ́jú àbọ̀ sílẹ̀ láàárín àtẹ̀gùn àti òkùnkùn. Ó ní láti mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó mú un.

"Wọ́n ti í pa, Nonno," ni ó wí. "Wọ́n ní òrùlé ń jò. Wọ́n ń tún un ṣe."

"Òrùlé? Títí dìgbà wo?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ilẹ̀kùn dún, ìyá arúgbó kan jáde, ó sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ottorino gbórí sókè.

"Ilẹ̀kùn wo nìyẹn?"

"Ti ilé kejì ni."

"Mo gbóòórùn àbẹ́là."

"Imú yín ló ń tàn yín, Nonno. Ẹ jẹ́ ká lọ, òtútù ń mú mi."

Bàbá náà dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó dé fìlà rẹ̀ padà. Noemi mú un lọ sí ilé kọfí kan ní ìgboro, ó fi í jókòó síbi tí ooru wà, ó ní òun fẹ́ lọ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì òun. Ó sáré títí dé odi ìlú.

"Ọmọ ẹrẹ̀ dé o!" Ilaria pariwo.

"A rò pé ṣe lo máa lúwẹ̀ẹ́ wá bí ẹja," ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tazio wí.

Àwọn márùn-ún ni, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wá. Ilaria fi ọwọ́ kọ́ Noemi lọ́rùn, inú Noemi dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kò tíì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí Ilaria fi ní, "Noemi, ọmọ dáadáa, bá wa ṣọ́ kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí. Àwọn olè ti pọ̀ jù níbí. A fẹ́ sáré lọ mu ṣokoléètì gbígbóná, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni."

Noemi bá wọn ṣọ́ kẹ̀kẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogún, ogún di ọgbọ̀n. Omi ń kán láti ara igi sí i lọ́rùn. Ó ń wo ojú ọ̀nà tí kùrukùru ti gbé mì, kò rí ẹnì kan. Aago gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ìlú lu méjìlá, èyí ń gbà á lẹ́nu èyí, Noemi sì mọ̀ pé wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn Santa Eufemia báyìí. Ó jókòó sórí koríko tútù, ó sunkún.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Ilaria ya ẹnu. "Háà, o ṣì wà níbí? A ti gbàgbé ẹ!" Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n lọ.

Ottorino wà níbi tó fi í sí. Kéèkì dúdú kan, tí wọ́n fi ṣokoléètì bò bí àwọn ará Ferrara ti máa ń ṣe é, wà níwájú rẹ̀ nínú bébà.

"Mo rà á fún ẹ. O ti rìn púpọ̀ nítorí mi lónìí. Ṣé o rí ìwé náà gbà?"

"Mo rí i gbà," ni Noemi wí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣófo níwájú bàbá náà.

Bọ́ọ̀sì aago méjì ni wọ́n wọ̀ lọ sílé. Ottorino fi ọwọ́ kan kókó tó wà létí ìnujú rẹ̀, ó ní, "Kò burú. A óò padà wá tí wọ́n bá tún òrùlé ṣe tán."

Irọ́ kì í dá nìkan gbé. Bí ìyá Noemi bá ní kí wọ́n tún lọ ní Sátidé, Noemi á ní wọn ò tíì ṣí i, iwájú ibẹ̀ lòun ń gbà lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ kí bàbá náà lọ, àṣírí á tú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, Ottorino jókòó sídìí tábìlì nílé ìdáná. "Tan iná, ọmọ mi," ni ó wí.

Noemi gbójú sókè wo iná náà. Ó ti wà ní títàn láti ìgbà tí wọ́n jí.

"Ó ti tàn, Nonno."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni bàbá náà wí. Ó fi ọwọ́ wá ife rẹ̀ lórí tábìlì títí ó fi rí i.

Nínú oṣù Kẹta ni Ottorino fúnra rẹ̀ sọ pé wọ́n á ti tún òrùlé yẹn ṣe tán. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Wọ́n gun àtẹ̀gùn Santa Eufemia, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká Noemi, wọ́n sì dúró níwájú òkùnkùn náà. Noemi tú ìnujú, ó ju owó àkọ́kọ́ sínú àpótí. Iná tàn.

"Ó ti tàn?"

"Ó ti tàn."

"Sọ fún mi."

Noemi kò wo àwòrán náà dáadáa rí láyé rẹ̀. Ó wá obìnrin náà títí ó fi rí i. "Ó gbé agbọ̀n rù. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú díẹ̀, bí ẹni tó ń pa ẹ̀rín mọ́nú..."

"Òun nìyẹn," ni bàbá náà wí pẹ̀lú ohùn kékeré.

Iná kú. Ottorino gbé ojú rẹ̀ tí kò ríran sókè. "Òrùlé náà ńkọ́? Ṣé wọ́n tún un ṣe dáadáa?"

Noemi wo òkè. Àwọn igi àjà ti gbó, owú aláǹtakùn tó ti pé ọ̀pọ̀ ọdún rọ̀ dirodiro lára wọn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ibẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tiẹ̀ kò tíì lò ju oṣù mẹ́rin lọ.

"Nonno, òrùlé ò jò rí. Irọ́ ni mo pa."

Ọwọ́ bàbá náà kúrò léjìká rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà?"

"Aago mẹ́sàn-án sí méjìlá."

"Aago mélòó la débẹ̀?"

"Mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú."

"Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú," ni Ottorino wí. "Kí lo lọ ṣe?"

"Mo ṣọ́ kẹ̀kẹ́."

"Kẹ̀kẹ́ ta ni?"

Noemi ń sunkún. Bàbá náà kò pariwo, kò bú u. Ì bá sàn fún Noemi ká ní ó lù ú.

"Fi èkejì sí i," ni ó wí níkẹyìn. "Sọ gbogbo rẹ̀. Má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi mọ́."

Iná tàn. Noemi sọ ti ojú, ti ìpéǹpéjú, ti àmì kékeré tó wà lábẹ́ àgbọ̀n, ti irun tó já sílẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n búrẹ́dì. Ó sọ ọ́ títí iná fi kú, ó sì ń sọ ọ́ lọ nínú òkùnkùn. Nígbà tó fẹ́ ju owó kẹta sí i, bàbá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyẹn ni mo fẹ́ fi sọ pé ó dàbọ̀. Kì í ṣe ojú ẹlòmíì ni mo fẹ́ fi dágbére fún un. Mú un lọ́wọ́."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Noemi tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó na ejìká rẹ̀ sítòsí rẹ̀ bó bá fẹ́ ẹ. Wọ́n dé òpópónà kí ọwọ́ bàbá náà tó padà sí ejìká rẹ̀.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, kò sì sí owó tá a lè fi ra ìṣẹ́jú tó ti kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn tẹ́ ẹ̀ ń sáré tọ̀ lọ lè gbàgbé yín sídìí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó fi ojú yín ṣe ojú tirẹ̀ kò ní gbàgbé. Ẹ má ṣe parọ́ fún un. Owó kẹta náà ṣì wà lọ́wọ́ Noemi, kò sì tíì ná an títí dòní.