Ẹni Tó Ń Tẹ́ Ibùsùn Fún Bàbá Aago

Ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì tó dé, àlejò tó wà nínú yàrá ńlá òkè pátápátá pè wá lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó wá tẹ́ ibùsùn òun. Mo ní kò sẹ́ni tó wọlé, torí ó ti so káàdì "Ẹ má yọ mí lẹ́nu" kọ́ ilẹ̀kùn láti àárọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mo wà lórí ibùsùn náà nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ."

Èmi ni olórí àwọn tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì náà. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń ká aṣọ ibùsùn àwọn olówó, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀sùn lẹ́nu wọn: ìrọ̀rí le jù, omi gbóná jù, òdòdó tí a gbé sórí tábìlì ń wo àwọn ní ìwòkuwò. Ti ẹni yìí yàtọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ ni mo ti dá a mọ̀. Bàbá Aago ni à ń pè é tó bá ti yí ẹ̀yìn padà, nítorí ó fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo aago wúrà ọwọ́ rẹ̀. Òun ló pa àbúrò mi obìnrin.

Kò fọwọ́ kàn án o. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, inú yàrá yìí kan náà ló sùn sí. Ó ní aago òun sọnù, ó sì nawọ́ sí àbúrò mi tó tún yàrá náà ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù lára ọmọ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ku ṣímí nìkan, lójú gbogbo wa, wọ́n tú irun orí rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Síbẹ̀ máníjà lé e. Ó délé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi mọ̀ pé ìtìjú ni. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n méjèèjì ni wọ́n fún àbúrò tèmi. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń pe ìyá wa ní ìyá olè, kì í sì í ṣe lẹ́yìn Màámi, lójú wọn ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá láyé: kí ẹnu tó pe ọmọ náà ní olè tún la, kó sọ pé kì í ṣe olè.

Ibùsùn yàrá ńlá náà fẹ̀ débi pé ẹnì kan ò lè dá a tẹ́. Èèyàn méjì ni, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ẹni tó wà lósì ló máa kọ́kọ́ ki etí aṣọ bọ abẹ́ mátírẹ́sì, ẹni ọ̀tún á wá fà á le, á sì pa á dé. Èmi àti àbúrò mi la jọ máa ń ṣe é. Wọ́n ń pè wá ní Ìbejì níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọdún mọ́kànlá ni mo fi jù ú lọ. Apá òsì ni ti àbúrò mi, ọwọ́ òsì ló sì ń lò, nítorí náà igun aṣọ tó bá ká máa ń kọjú sí òdì. Mo bá a wí títí ó sú mi. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibùsùn ò mọ ọwọ́ tó tẹ́ òun."

Nígbà tí mo wọ yàrá lọ́jọ́ tó pè wá, Bàbá Aago jókòó sórí àga nínú aṣọ ìwẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Kò dá mi mọ̀. Irú wọn kì í wo ojú ẹni tó ń tún yàrá wọn ṣe. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé. Mo kí i, mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ọmọdé.

Ó ní inú bàálù ló ti bẹ̀rẹ̀. Iwájú ló máa ń jókòó, níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ funfun bo tábìlì fún èèyàn kan ṣoṣo, tí àga á nà gbalaja tí á di ibùsùn. Ó mu wáìnì, wọ́n tẹ́ àga fún un, ó sùn. Nígbà tó jí, ẹnì kan ti ki aṣọ bọ abẹ́ rẹ̀ lápá òsì, ó le dẹndẹn láti èjìká dé ẹsẹ̀. Ó fi ìbínú pe ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn.

"Ẹ má bínú, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "A kì í ki aṣọ bọ abẹ́ èrò nínú bàálù. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí wọ́n lè dìde kíá." Ó wá wo àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Arábìnrin tó tẹ̀ lé yín wọlé dà? Aṣọ ìbora ni mo mú wá fún un. Ṣímí nìkan ló wà lára rẹ̀."

Bàbá Aago ní òun nìkan lòun ń rìnrìn àjò. Ó ní òun ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì méjì ní ìlú méjì kí òun tó dé ọ̀dọ̀ wa, ilé ìwẹ̀ wọn dán débi pé èèyàn lè fi ilẹ̀ rẹ̀ wo ojú, nǹkan kan náà ló sì ń ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Lójoojúmọ́ ni aṣọ náà ń le sí i.

Mo lọ wo ibùsùn. Apá òsì nìkan ni wọ́n tẹ́. Igun rẹ̀ kọjú sí òdì. Ara mi bù máṣọ. Lẹ́yìn náà, kí n má purọ́, inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mo ní láti wọ ilé ìwẹ̀ lọ ṣe bí ẹni ń ka táwẹ́ẹ̀lì.

Lọ́jọ́ kẹta, a yí yàrá padà fún un. Kò yàtọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ṣí àyà rẹ̀ hàn mí: ìlà pupa kan gba àyà kọjá láti èjìká kan dé èkejì, bí ojú okùn lára màlúù. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, ẹni tó jẹ́ pé ìka ló fi ń pe èèyàn tẹ́lẹ̀. "Mi ò tíì sùn rárá. Ẹ bá mi jókòó kí ẹ máa ṣọ́ mi. Tí ẹ bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ jí mi."

Mo fa àga, mo jókòó. Oòrùn ń gba àárín kọ́tìnì wọlé. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ariwo ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́, mo sì gbọ́ òórùn sítáàṣì. Etí mátírẹ́sì lápá òsì tẹ̀ wọlé, bí ìgbà tí èèyàn bá fi orúnkún tì í. Aṣọ gbéra díẹ̀, ó nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abẹ́ mátírẹ́sì díẹ̀díẹ̀, láti orí títí dé ẹsẹ̀. Mo rí igun rẹ̀ bó ṣe ń ká. Mi ò rí ọwọ́ tó ń ká a. Gbogbo rẹ̀ wá dúró jẹ́ẹ́. Apá ọ̀tún ni èmi jókòó sí, mo sì mọ ẹni tí wọ́n ń dúró dè.

Bàbá Aago lajú. Aṣọ apá ọ̀tún tú sílẹ̀ gbayawu, ó yẹ kó lè yí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mi ìka ọwọ́. "Ìyá, ẹ gbà mí," ló ń sọ lábẹ́lẹ̀.

Mo bi í pé, "Aago yín tó sọnù níbí lọ́dún méjì sẹ́yìn, ṣé ẹ rí i?"

Ó wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ta ni yín?"

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọmọ tí ẹ pè ní olè."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ṣàn wọ etí. "Inú bàtà ni mo ti rí i, nínú báàgì mi, nígbà tí mò ń padà lọ nínú bàálù. Mo ní màá pè yín. Iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn, mo gbàgbé. Mo rò pé á ti rí iṣẹ́ mìíràn."

"Ilẹ̀ ló rí wọ̀," mo ní.

Mo gbé fóònù ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo pe máníjà, mo ṣí i sókè kí ohùn lè jáde. Mo ní kí Bàbá Aago tún un sọ. Ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ó sọ pé ọmọ náà kì í ṣe olè, lẹ́ẹ̀mejì. Máníjà ní òun ń gòkè bọ̀. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

"Mo ti sọ ọ́," ni Bàbá Aago wí. "Ẹ tú mi sílẹ̀, nítorí Ọlọ́run."

Ohun tí mo ń wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ká ní mo fa igun òsì yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá tú. Mo rántí ọmọ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀, mo ki etí aṣọ bọ abẹ́ mátírẹ́sì lápá tèmi, mo fà á le bí mo ṣe máa ń fà á, mo sì pa á dé. Mo ní, "Ẹ sùn re, ọ̀gá." Mo jáde.

Nígbà tí máníjà fi máa débẹ̀, Bàbá Aago ti kú. Aṣọ ibùsùn ti tú sílẹ̀ lára rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, ìrìn àjò ti pọ̀ jù fún un.

Lọ́jọ́ kejì, máníjà fún mi ní lẹ́tà pé àbúrò mi kò jalè. Mo mú un lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò tíì sọ. Lọ́jọ́ tí aago sọnù, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó bọ́ aṣọ lára rẹ̀, máníjà yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lolórí wọn, ìwọ náà sì lẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣé o lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò mú un?" Àbúrò mi ń wò mí. Mo ro iṣẹ́ mi. Mo ní, "A ò mọ inú ẹnìkan, sà." Mi ò sọ ìyẹn fún Màámi rí.

Màámi gba lẹ́tà náà, wọn ò ṣí i. "Mo ti gbọ́," ni wọ́n wí.

"Ta ló sọ fún yín, Màámi?"

"Àbúrò rẹ. Gbogbo rẹ̀ ló sọ. Títí kan ohun tó o fi dáhùn nígbà tí wọ́n bi ọ́." Wọn ò gbé ohùn sókè. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò na lẹ́tà náà lórí itan. "Ó ti rẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Lọ sùn. A ti tẹ́ ibùsùn rẹ."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Igun òsì kọjú sí òdì. Apá ọ̀tún wọ́ díẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà tí kò kọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ó le dẹndẹn. Apá orí nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀, ìwọ̀n tí ẹnì kan lè gbà wọlé.

Mi ò wọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo ti ń sùn lórí àga. Màámi ò bá mi jà. Wọ́n kàn máa ń bi mí ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé ṣé oorun ò tíì kùn mí ni.